Ọwọ́ Ni Àyẹ̀wò Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ẹran, àwọn ọlọ́sìn àti àwọn alápatà agbègbè Afijió, ní Akínmọ̀ọ́rìn

Ẹ̀yin alápatà Fìdítì, ẹ̀yin olóko adìyẹ Ìlọrà, ẹ̀yin darandaran tí ẹ fi màlúù sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kí ẹ lè wá jókòó tì wá, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wọ kóòtù funfun, ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín wá. Àwọn yòókù ń bá wa gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá, kó mú un lọ sílé.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ gbọ̀ngán yìí kó forí jì mí nítorí òbúkọ tó ń ké lábẹ́ igi mángòrò níta yẹn. Èmi ni mo ní kí wọ́n so ó síbẹ̀. A óò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: níbo ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀? Bí ẹ bá bi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́, yóò ní ìdí máíkíróskóòpù ni. Bí ẹ bá bi ọlọ́sìn, yóò ní ọjọ́ tí àbọ̀ bá dé ni. Bí ẹ bá bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, ẹ ti mọ ohun tí yóò sọ. Ohun tí èmi ń sọ níwájú yín ni pé ọwọ́ ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ ẹni tó dúró ti ẹran, tó di abẹ́rẹ́ mú, tó kọ orúkọ sára ìgò. Bí ọwọ́ yẹn bá ṣìṣe, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe, ì báà jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ní Vom, ì báà jẹ́ ti Jámánì.

Èkíní: Kí ni à ń pè ní àyẹ̀wò?

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa kí máíkíróskóòpù tó dé ilẹ̀ yìí. Bí bàbá kan bá gba ilé babaláwo lọ láàárọ̀, ohun tí yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé òun lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó wá yóò mú owó, yóò gbé e súnmọ́ ẹnu, yóò sọ ohun tó ń dùn ún sí i wúyẹ́wúyẹ́, kò ní jẹ́ kí babaláwo gbọ́. Ifá ni yóò sọ ohun tí wọn kò sọ. N kò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé a ti gbé àṣà wúyẹ́wúyẹ́ náà wọ ilé àyẹ̀wò ẹran. Ẹnìkan á gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ dé, á ní, "Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò." Kí ló ń ṣe ẹran? "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó." Ẹran mélòó ló kú? Ó dákẹ́. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ kankan? Ó ní bóyá. Ó ń dán wa wò ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wa gbọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé àyẹ̀wò kì í ṣe ojú ọpọ́n. Ẹ̀rọ kò gbọ́n rárá. Ohun tí a bá bi í nìkan ló ń dáhùn. Bí a bá gbé ẹ̀jẹ̀ sí abẹ́ awò tí a ń wá kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, a kò ní rí aràn inú ìfun níbẹ̀, bí aràn náà tilẹ̀ ń pa ẹran lọ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ ìtumọ̀ báyìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: àyẹ̀wò ni kí a bi ara ẹran ní ìbéèrè kan pàtó, lọ́nà tó jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá bi í lọ́nà kan náà, ìdáhùn kan náà ni yóò gbọ́. Ìbéèrè pàtó, ọ̀nà tó dúró, ìdáhùn tó ṣeé tún gbọ́. Èyí tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìméfò lásán ni.

Ẹnìkan lè ní ojú àgbà tó. Ó ní òun ti sin adìyẹ fún ogún ọdún, òun mọ àìsàn bí òun bá ti rí i. Mo bọ̀wọ̀ fún ojú àgbà, ṣùgbọ́n àmì àìsàn ni ojú ń rí, kì í rí ìdí rẹ̀. Ní oṣù January 2006, adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ́pọ̀lọpọ̀ lóko kan ní Jaji, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Adìyẹ tó ń kú bẹ́ẹ̀, tí ojú rẹ̀ wú, tí ogbe rẹ̀ dúdú, kò sí ọlọ́sìn tí kò ní kọ́kọ́ ronú sí àrùn Newcastle tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n kó àpẹẹrẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ní Vom, èyí tó ti wà láti ọdún 1924, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Padova ní Ítálì. Ní ọjọ́ 8 oṣù February, àbọ̀ dé: H5N1 ni, irú fúlúù ẹyẹ tí a kò tíì rí rí ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ojú kan náà ni àìsàn méjèèjì fi ń wo ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀yà ara tí ẹnìkan fi ọwọ́ gbà nínú oko yẹn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkejì: Kí ni àpẹẹrẹ?

Nínú iṣẹ́ wa, sáńpù la máa ń sọ. Èmi fẹ́ràn àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó tún bá a mu jù lọ lójú mi ni àrokò. Àwọn bàbá wa a máa di owó ẹyọ, ìyẹ́, tàbí ewé pọ̀ mọ́ okùn, wọn a fi rán ènìyàn láti ìlú kan sí ìkejì. Iye ẹyọ, bí wọ́n ṣe dojú kọ ara wọn, ohun tí wọ́n so mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Bí okùn bá já lọ́nà tí ẹyọ fi tú ká, tí oníṣẹ́ sì sá kó wọn jọ tó tún wọn so bó ṣe wù ú, ọ̀rọ̀ mìíràn ló gbé dé. Ẹni tó gbà á kò ní mọ̀. Yóò ka ohun tó wà níwájú rẹ̀, yóò sì gbé ìgbésẹ̀ lé e lórí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà lára ewúrẹ́ ní Akínmọ̀ọ́rìn tí ẹ fi ọ̀kadà rán lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kò rí ewúrẹ́. Àrokò ló rí. Bí oòrùn bá ti sè é lójú ọ̀nà, àrokò tó ti tú ni yóò kà.

Àwọn onímọ̀ méjì, Plebani àti Carraro, ka àṣìṣe ilé àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ènìyàn kan ní ọdún 1997. Nínú gbogbo àṣìṣe tí wọ́n rí, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ṣẹlẹ̀ kí àpẹẹrẹ tó dé inú ẹ̀rọ. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ àti ẹni tó jókòó tì í, ìdá 13 péré ni. Ní ọdún 2007 wọ́n padà wá kà á níbì kan náà, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti sunwọ̀n sí i: ìdá 62 ṣì jẹ́ ti ìṣáájú. Ìlú Padova kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ilé ìwòsàn ènìyàn nìyẹn o, níbi tí aláìsàn ti jókòó jẹ́ẹ́ tó na apá síta, tó lè sọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ wá fi òbúkọ rọ́pò rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹ̀rù nìkan ni mo fẹ́ dà bò yín. Àpẹẹrẹ tí ọwọ́ rere gbà lè gba ayé là. Àìsàn kan wà tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, tí imú ẹran yóò máa dà, tí ẹnu yóò máa bó, tí ìgbẹ́ gbuuru yóò tẹ̀lé e. Kata ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa. PPR ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1942. Ní ọdún 1975, wọ́n rí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì náà gbà lára ẹran ní Nàìjíríà níbí. Onímọ̀ kan, Adama Diallo, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ kòkòrò yìí títí ó fi rọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di àjẹsára ní ọdún 1989. Orúkọ tí àjẹsára náà ń jẹ́ títí di òní ni Nigeria 75/1. Òun wà lára ohun tí àjọ àgbáyé ń fi lé kata kúrò láyé, tí wọ́n dá ọdún 2030 fún. Ẹran kan tó ṣàìsàn, ọwọ́ kan tó gba nǹkan lára rẹ̀ bó ṣe yẹ, tó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ewúrẹ́ tó wà ní ilẹ̀ tí ẹni náà kò dé rí ń jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Iṣẹ́ ọwọ́ gan-an

Ibí ni màá ti pẹ́ jù. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó fọ ojú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe tèmi. Nílé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe mi, a gba ẹ̀jẹ̀ màlúù mẹ́rìnlá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Orí ọmọrí ìgò ni mo kọ nọ́ńbà sí, kì í ṣe ara ìgò. Nígbà tí mo ṣí wọn láti fa ẹ̀jẹ̀, mo to ọmọrí jọ sórí tábìlì. Ẹ ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ. Ọmọrí méjì ṣe pàṣípààrọ̀. Màlúù tí ara rẹ̀ le la ní kí wọ́n tà fún alápatà, èyí tó ní àìsàn sì padà sínú agbo. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà tó hàn, darandaran náà kò sì bú mi. Ó kàn wò mí. Láti ọjọ́ náà, ara ìgò ni mò ń kọ nǹkan sí, bírò tí omi kò lè pa rẹ́ ni mo sì fi ń kọ ọ́: irú ẹran, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ ọlọ́sìn, ọjọ́ àti wákàtí.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ìgò méjì ni. Ìgò ọlọ́mọrí àlùkò ní oògùn EDTA tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìyẹn la fi ń ka PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa, òun la sì fi ń wá kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Ìgò ọlọ́mọrí pupa kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ̀jẹ̀ yóò dì níbẹ̀, omi rẹ̀ tó mọ́ lóló yóò ṣẹ́ sókè, ìyẹn la fi ń ṣe àyẹ̀wò bí i ti Rose Bengal tí a fi ń wá bakitéríà Brucella. Ẹni tó bá gbé àlùkò wá fún iṣẹ́ pupa, ó pò ó pọ̀. Bí ẹ bá ti da ẹ̀jẹ̀ sínú àlùkò, ẹ yí ìgò lójúdé jẹ́jẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Mo ní jẹ́jẹ́. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó ń mì í bí ẹni ń mi ìgò kóòkì. Gbogbo hóró ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu sìrínjì kí ẹ tó tẹ ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, torí ihò abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín náà a máa fọ́ ọ. Ẹ fi sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ tàbí ìwé ìròyìn sáàárín wọn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa di yìnyín. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì bẹ́ẹ̀ tó tún yọ́ yóò dà bí omi zobo, kò sì ní ìwúlò kankan mọ́.

Bí a bá ń wá kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ìyẹn trypanosome, ìyára ló gba. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tútù tí a tẹ́ sáàárín gíláàsì, ẹ óò rí i tó ń jà pìtìpìtì tó ń ti hóró ẹ̀jẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pẹ́ nínú ooru, yóò kú, yóò sì tú. Ẹni tó ń wo awò yóò rí ìdákẹ́rọ́rọ́, yóò kọ pé òun kò rí nǹkan. Bí ọ̀nà bá jìn, nídìí ẹran níbẹ̀ ni kí ẹ ti fa ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó ní ìpẹ̀kun bí ahọ́n, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ etí ló dára jù fún èyí. Ohun kan tí ìwé kì í tẹnu mọ́ tó: ẹ má fi gíláàsì wọ̀nyí sínú àpò kan náà pẹ̀lú ìgò fọ́málììnì. Òórùn fọ́málììnì nìkan ti tó láti ba àwọ̀ Giemsa jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yóò kàn di àwọ̀ ewé ràkọ̀ràkọ̀, ẹni tó ń wò ó yóò máa bú oògùn aró.

Fọ́málììnì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Fún ẹ̀yà ara tí a fẹ́ gé wẹ́wẹ́ wò ni. Kí ẹ̀yà náà má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí omi inú ìgò sì tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Ẹnìkan gbé odidi ẹ̀dọ̀ àgùntàn wá bá mi nínú ìgò jáàmù. Ọmọrí kò tilẹ̀ pa dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti yi bí awọ bàtà, inú rẹ̀ sì ti rà. Ó ní kí n gbin bakitéríà tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá, fọ́málììnì ti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yà tí a fẹ́ gbin, tútù la ń gbé e wá, nínú ìgò tó mọ́, lórí yìnyín, láì fi omi kankan sí i. Ẹ má fi ògógóró sí i o.

Ìgbẹ́ ló rọrùn jù, òun náà la sì ń fi ṣeré jù. Inú ìdí ẹran la ti ń gbà á, kì í ṣe orí ilẹ̀, torí aràn tó ń gbé nínú erùpẹ̀ tí kò kan ẹran rárá a máa gun orí èyí tó ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ó. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú ooru di ọjọ́ kejì, ẹyin aràn yóò pa, ọmọ aràn yóò jáde, ẹni tó ń ka ẹyin yóò sì rò pé ẹran náà mọ́.

Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò ìgbẹ́ ju gbogbo àyẹ̀wò lọ, nítorí ó fi hàn pé kì í ṣe owó ló ń dí wa lọ́wọ́. Ẹ lọ sọ́jà, ẹ ra iyọ̀ tí à ń fi sè ọbẹ̀. Ẹ dà á sínú omi gbígbóná títí tí kò fi ní yọ́ mọ́, tí ìyókù yóò jókòó sí ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù. Omi iyọ̀ yìí wúwo ju ẹyin ọ̀pọ̀ aràn lọ, nítorí náà ẹyin yóò léfòó bí ọsàn Fìdítì ṣe ń léfòó nínú agbada omi. Bí ẹ bá ní gíláàsì McMaster, ẹ po gíráàmù 4 ìgbẹ́ mọ́ mílílítà 56 omi iyọ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ rọ ọ́ kún ojú ilé méjèèjì gíláàsì náà, ẹ ka ẹyin tó wà láàárín ìlà, ẹ fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀: iye ẹyin tó wà nínú gíráàmù kan nìyẹn. Iyọ̀ ọbẹ̀, asẹ́ tíì, máíkíróskóòpù kan. Ewúrẹ́ mélòó ni à ń fún ní oògùn aràn ní gbogbo oṣù láìmọ̀ bóyá aràn wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀kẹrin: Ìgbà tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú, àti ìgbà tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró

Ẹjọ́ tí ọlọ́sìn máa ń rò fún mi ni pé ẹran ń kú lọ, ẹ ń sọ ti àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ ká gún un ní tẹ̀rámáísìn ná. Mo gbọ́. N kò ní kí ẹ má gún un. Mo ní kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó gún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Oògùn tó bá ti wọ ara yóò lé kòkòrò kúrò lójú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí bakitéríà hù nínú àwo. Ẹni tó gún abẹ́rẹ́ tán kó tó gba ẹ̀jẹ̀, ó ti pa ẹlẹ́rìí kó tó gbé ẹjọ́ dé kóòtù. Bí ara ẹran kò bá wá yá, kí ni a óò tún fi gún un? Òmíràn, àti òmíràn, títí ẹyin tí à ń tà fún ọmọ ilé ìwé yóò fi kún fún oògùn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọṣẹ́ mọ ìgbà tí kò yẹ kó fi nǹkan kan nǹkan. Ẹ̀yin alápatà, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ní oṣù June 2023, àrùn ántráàsì bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Gánà, ìjọba wa sì kìlọ̀ pé kí a dẹwọ́ lórí pọ̀nmọ́. Ẹ rántí bí gbogbo Yorùbá ṣe fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó di oṣù July, wọ́n rí ántráàsì náà nínú ẹran ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Màlúù tó bá ṣubú tó kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì ń jáde ní imú tàbí ní ìdí rẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dé ibi tí kòkòrò náà wà, yóò di hóró líle tó lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti etí, lórí gíláàsì, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ó tó. Ẹni tó ní òun fẹ́ rí ọlọ́ inú rẹ̀ kó lè dá a lójú, òun ló ń gbin ántráàsì sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ti ajá dìgbòlugi tún yàtọ̀. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ohun tí ìlú ń ṣe ni pé wọ́n á kó kùmọ̀, wọ́n á fọ́ orí rẹ̀, wọ́n á sin ín. Orí yẹn gan-an ni àyẹ̀wò! Inú ọpọlọ la ti ń wá kòkòrò náà. Bí ajá bá ṣeé so, ẹ so ó fún ọjọ́ 10. Bí ó bá kọjá rẹ̀ láàyè, kò sí àrùn náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ. Bí ó bá kú, kí ẹni tó ti gba àjẹsára gé orí rẹ̀, kó di í sínú ọ̀rá méjì, kó fi yìnyín yí i ká, kó lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ajá bù jẹ kò sì gbọ́dọ̀ dúró de àbọ̀ wa. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.

Ẹ̀karùn-ún: Àbọ̀

Ẹ tún gbọ́ mi: ọwọ́ ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibo ló ń parí sí? Ó ń parí sí ẹnu ẹni tó ń ka àbọ̀.

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín "kò sí" àti "a kò rí i". Ẹni tó wọ yàrá tó ṣókùnkùn láti wá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká máa kọ "a kò rí i" sínú àbọ̀ wa. Ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó aràn Haemonchus, aràn náà ti ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbẹ́ yóò mọ́ lójú awò, ìpéǹpéjú ẹran yóò sì funfun bí ẹ̀kọ. Ẹni tó wo ìwé nìkan yóò ní ara rẹ̀ dá. Ẹni tó fi ọwọ́ ṣí ìpéǹpéjú, tó ka PCV rẹ̀, tó rí 14 dípò kó tó 22 ó kéré tán, yóò mọ̀ pé irọ́ ni.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ní Fáṣọlá tí kò jìnnà sí wa, wọ́n ti sin màlúù N'Dama rí. Màlúù yìí lè gbé trypanosome nínú ẹ̀jẹ̀ kó sì máa jẹko lọ láì ṣàárẹ̀. Rírí kòkòrò níbẹ̀ kò tíì sọ pé ẹran ń ṣàìsàn. Ìbéèrè ni kí ẹ bi ara yín: kí ni mo béèrè gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan pa á. Ẹ fọkàn yàwòrán ẹran 1,000 tí 20 nínú wọn ní àìsàn kan. Àyẹ̀wò wa dára, ó ń mú ẹran tó ní àìsàn ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dá ẹran tí kò ní i láre ní ìdá 95. Nínú 20 yẹn, yóò mú 19. Ó dára. Nínú 980 tí ara wọn le, yóò fi ẹ̀sùn èké kan 49. Gbogbo ẹran tí a kọ "ó ní i" sí lára jẹ́ 68, àwọn tó jẹ̀bi lóòótọ́ jẹ́ 19. Ẹni tó bá pa 68 ti pa aláìṣẹ̀ 49. Irú ẹ̀rọ dáadáa nìyẹn o. Nígbà tí Rose Bengal bá dì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí àwo, ẹ má tíì pe alápatà. Àwọn bakitéríà mìíràn wà tó jọ Brucella tó lè mú un dì, àjẹsára àtijọ́ náà lè ṣe é. Ẹ tún un bi lọ́nà mìíràn. Àmọ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fa ọmọ màlúù tó ṣẹ́ jáde, yálà àbọ̀ ti dé tàbí kò tíì dé.

Ẹ̀kẹfà, ó kúrú

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bi mí kí a tó wọlé pé kí ni òun fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe níbi tí iná kì í wà, tí ẹ̀rọ kò sí, tí Vom sì jìn. Mo ti ń dá a lóhùn láti ìgbà tí mo ti dúró. Iná kì í gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ kì í kọ orúkọ sára ìgò. Ìwé tí a kọ ìtàn ẹran sí dáadáa kò nílò jẹnẹrétọ̀. Ìdá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà ní Akínmọ̀ọ́rìn níbí, níkàáwọ́ yín, kí ọ̀kadà tó gbéra.

Mo ti sọ̀rọ̀ pẹ́, òbúkọ náà sì ti ké títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ìgò àlùkò àti ìgò pupa wà lórí tábìlì yìí, gíláàsì wà, kúlà wà, bírò wà. Kábíyèsí, pẹ̀lú àṣẹ yín, a óò jáde sábẹ́ mángòrò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbọ̀n nínú ẹ̀yin ọmọ yìí, kó bọ́ síwájú, kó kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tí a fẹ́ bi òbúkọ náà.